Ta ni server rẹ ń bi léèrè orúkọ?

Àbúrò mi, o ní ẹ ṣí àkáǹtì méèlì fún òṣìṣẹ́ tuntun ní Òkè-Ìlewó láti àná, àmọ́ server ti Sàpọ́n ní òun kò mọ ẹni náà rí. O ní Exchange, ètò méèlì yín, ń ké event 2114 (pé òun kò rí domain controller bá sọ̀rọ̀), o sì ti fi IP, àdírẹ́sì onínọ́ńbà, ping àwọn server méjèèjì, wọ́n dá ara wọn lóhùn. Jọ̀ọ́, má tíì tú Exchange palẹ̀. Mo ti tú u rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà mí, kò sì tún nǹkan kan ṣe.

IP tó dáhùn ping kò tíì tó ẹ̀rí. Orúkọ ni Active Directory, ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà yín, fi ń wá ara rẹ̀. Domain controller (DC, server tó ń tọ́jú ìwé náà) kọ̀ọ̀kan ní orúkọ gbọọrọ kan nínú DNS, ètò tó ń sọ IP tí orúkọ kan ní, lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ́pọ̀ yanturu, tí _msdcs àti orúkọ domain yín wà nídìí rẹ̀. Orúkọ yẹn ni èkejì gbọ́dọ̀ rí kó tó lè lọ gba àkọsílẹ̀ tuntun. Tí DNS bá ti ní kò sí, ó tán nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ní ọ́fíìsì ní Ìbarà àti ní Kútọ̀. Mo jókòó lórí páálí UPS nínú yàrá server Kútọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún létí fèrèsé, mo tẹ repadmin /showrepl, àṣẹ tó ń fi hàn bí àwọn DC ṣe ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. 8524, ìyẹn ni pé DNS kò rí orúkọ, ìlà lórí ìlà. Mo da orúkọ gbọọrọ náà kọ, mo ping rẹ̀: kò rí i. Ni mo bá ṣí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. DNS àkọ́kọ́, Ìbarà, èkejì, 8.8.8.8, ti Google. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, pé tí Ìbarà bá kú, íntánẹ́ẹ̀tì á ṣì wà.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjàǹbá ti wá. Gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ní Ìbarà, tàbí tí ìlà ibẹ̀ bá falẹ̀, ọ̀dọ̀ Google ni ti Kútọ̀ ń yà sí. Google kò mọ orúkọ inú ilé yín. "Kò sí" ló máa sọ, Windows á gbà á lóòótọ́, kò sì ní bi ẹlòmíràn mọ́.

Yọ DNS ìta kúrò lórí gbogbo DC, àti lórí server Exchange fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ti ìkẹyìn yìí. Jẹ́ kí DNS wà lórí DC méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ máa bi èkejì, kó tó bi ara rẹ̀, 127.0.0.1. Forwarder, ibi tí DNS yín ń fi ìbéèrè nípa orúkọ ìta ránṣẹ́ sí, ni ààyè 8.8.8.8. Lẹ́yìn náà, ipconfig /flushdns, ipconfig /registerdns, net stop netlogon, net start netlogon. Netlogon ló ń kọ àwọn orúkọ _msdcs sílẹ̀. Fojú ara rẹ rí i pé ti méjèèjì wà níbẹ̀ kí o tó tẹ repadmin /syncall, kí wọ́n lè gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Tí 8524 bá lọ tí 1722 (DC kejì kò ṣeé bá sọ̀rọ̀) wá dípò rẹ̀, DNS ti rí orúkọ nìyẹn; wo firewall, ètò tó ń dí ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bóyá ó dí port 135.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí showrepl ní ó ṣàṣeyọrí kẹ́yìn. Tó bá ti lé ní 180 ọjọ́ (60 ni fún domain àtijọ́), má fi agbára mú un. Yọ DC yẹn kúrò, kí o tún un gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ wo lo rí níbẹ̀?