Ṣé aṣòfin tó bá dalẹ̀ ẹgbẹ́ ní Punjab ò lè díje mọ́ láéláé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òṣèlú Pakísítánì ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Mo wo fídíò kan tí wọ́n ti ní aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá kẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀, òfin ti lé e kúrò nínú òṣèlú títí ayé. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Má dán an wò. Ìwọ ni ẹni kẹrin tó máa bi mí ní ìbéèrè yìí láàárín oṣù kan, ó jọ pé fídíò kan náà lẹ jọ wò. Ẹni tó ṣe é ti lú òfin méjì pọ̀ mọ́ra. Abala 62 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Pakísítánì ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ fi gbé "títí ayé" jáde ní 2018, fún aláìṣòótọ́, àwọn fúnra wọn ló sì tún dà á nù ní 2024. Abala 63A ni ti ìdalẹ̀ ẹgbẹ́, àga ilé aṣòfin nìkan ló sì ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Wo Lahore, olú ìlú ìpínlẹ̀ Punjab, ní 2022. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, wọ́n fẹ́ yan Chief Minister Punjab (òun ló ń ṣèjọba o, gómìnà tiwọn ò lágbára bíi tiwa). Àga 371 ló wà nílé náà, ẹni tó bá ní ìbò 186 ti wọlé. Kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ PTI, ẹgbẹ́ Imran Khan tó ti ṣe olórí ìjọba Pakísítánì rí, ti ń sọ lota lu igbákejì olórí ilé. Lota ni ìkòkò omi kékeré tí wọ́n máa ń gbé wọ ilé ìyàgbẹ́. Ìdí rẹ̀ rí róbótó, kì í dúró sójú kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe olóṣèlú tó ń yí láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Hamza Shehbaz ní 197, ṣùgbọ́n ọmọ PTI 25 wà nínú rẹ̀, àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ti ní kí wọ́n dìbò fún Pervaiz Elahi tó ń bá Hamza du ipò náà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, àjọ elétò ìdìbò gba àga lọ́wọ́ àwọn 25 yìí. Márùn-ún jẹ́ àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin àti àwọn ẹlẹ́sìn tí ò pọ̀, ìyẹn ò nílò ìbò. Fún 20 tó kù, wọ́n dìbò ní ọjọ́ 17 oṣù keje. Àwọn wo ló jáde díje? Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àga lọ́wọ́ wọn ni, lábẹ́ PML-N, ẹgbẹ́ Hamza! Kò tíì pé oṣù méjì. Níbo ni "títí ayé" wà níbẹ̀? PTI gba 15 nínú 20 ọ̀hún. Ará ìlú ló fìyà jẹ wọ́n, kì í ṣe òfin. Kí oṣù náà tó parí, Elahi ti gba ipò lọ́wọ́ Hamza.

Òmíràn tún ni pé kì í ṣe gbogbo oríkunkun ló ń gba àga. Ìbò láti yan Chief Minister, ìbò ìfọkàntán àti àbá òfin ìnáwó ni wọ́n ń wò ní ìpínlẹ̀, tàbí kí èèyàn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ bá sọ pé wọn kì í ka ìbò ọ̀dàlẹ̀, ó ti pẹ́. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní oṣù karùn-ún 2022 nìyẹn, wọ́n sì yí i padà ní oṣù kẹwàá 2024: wọ́n á ka ìbò náà, àga á ṣì lọ. Iṣẹ́ ilé ìwé nìkan ni mo ń dáhùn o. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ gidi lọ́hùn-ún, kó wá agbẹjọ́rò ibẹ̀. Ìwọ, lọ ka abala 63A fúnra rẹ kí o tó kọ gbólóhùn kan sí i.