Kẹ́ ẹ tó pa èlé rẹ́ nínú alájẹṣẹ́kù yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Ọ̀fà, tẹ́ ẹ ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ò yáwó mọ́ nítorí èlé, pé kí ẹnìkan fi ìwé òfin ẹgbẹ́ Ìlọrin ránṣẹ́ kẹ́ ẹ dà á kọ: ẹ rọra ná. Èmi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí owó yíyá nínú alájẹṣẹ́kù àwa ará ọjà Ìpàta ní Ìlọrin. Ohun tójú wa rí ò sí nínú ìwé òfin.

Èlé ló da tiwa náà rú. Ẹ mọ Ìlọrin: àfáà á wàásù lórí ribá, ìyẹn èlé tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kọ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀, kó tó dọjọ́ Ajé àwọn èèyàn á ti ní àwọn á kàn máa fowó pamọ́ ni. Owó wá ń sùn ní báńkì. La bá yí i padà: ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́, ẹgbẹ́ á fowó rẹ̀ rán an, á bu èrè tí gbogbo wa mọ̀ lé e, onítọ̀hún á máa san án lóṣooṣù. Àwọn tó ti lọ padà wá, wọ́n tún mú èrò dání.

Àṣé àwọn oníṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà Táíwò ń wò wá. Bí wọ́n bá ti rí ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, owó firísà á gbéra. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ò tiẹ̀ gbé firísà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tà á padà fún ẹni tó tà á fún wọn lójú ẹsẹ̀, ní owó tó dín, wọ́n á kówó lọ. Ṣé ìyẹn kì í ṣe èlé tó wọ jalabíà? Kí òfin wa tó dé, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀.

A ní ó dáa, kí ẹgbẹ́ máa rajà lọ́pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí a ṣe di oníṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tí à ń wá ibi ìkẹ́rù àti ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Làwọn ará Táíwò tọ́jà ò yá lọ́wọ́ wọn mọ́ bá ń gba fọ́ọ̀mù, wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́. Kí n má parọ́, wọ́n wúlò, wọ́n mọ iye tó yẹ ká rajà jù wá lọ. Ṣùgbọ́n a tún ní láti ṣòfin pé ẹni tó ń ta nǹkan ò gbọdọ̀ dìbò lórí ríra nǹkan náà.

Nígbà tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, pé kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là, iye tá a bá fọwọ́ sí lọ́sẹ̀ yìí kì í ra nǹkan kan náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. A yọ iye ọjà kúrò nínú fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń béèrè ọjà, a fi iye tí èèyàn lè san lóṣù síbẹ̀.

Nítorí náà, èsì tá a fún àwọn ará Táíwò ló pọ̀ jù nínú òfin wa. Ẹ̀yin ní tiyín, àwọn tó ń tajà fún akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ní Ọ̀fà lẹ máa bá pàdé. Kẹ́ ẹ tó tẹ òfin kankan, ẹ fi ìwé ẹgbẹ́ rán akápò yín lọ béèrè owó firísà kan lọ́wọ́ wọn, lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ rán ẹni tí wọn ò mọ̀ lọ bi wọ́n ní iye firísà yẹn kan náà.