Èsì: Kóòṣì júdò ọmọ mi ti kó lọ, ọmọ ò fẹ́ lọ mọ́

Ẹ má tíì fà á lọ sọ́dọ̀ kóòṣì tuntun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pe èyí tó kó kúrò l'Ádó, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé kó má fi júdò sílẹ̀.

Ọmọ tó ṣì ń yọ aṣọ júdò rẹ̀ wò, bí ẹ ṣe ní tiyín ń ṣe, ni mò ń sọ o. Èyí tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Odidi oṣù kan ni kóòṣì tèmi fi kọ́ mi ní ìṣubú nìkan: àgbọ̀n mọ́ àyà, ọwọ́ gbá ẹní pàá bí ẹ̀yìn ṣe ń kanlẹ̀. Bí mo bá ṣubú tán, á ní, "Dìde, tẹríba fún ẹnìkejì rẹ." Ó ti lé lógún ọdún. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ìkẹ́rẹ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àgbọ̀n mi ti mọ́ àyà. Orí mi ò kanlẹ̀ rárá. Kóòṣì yẹn ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó pe ìyàwó mi.

Bí ọmọ bá gbà láti padà, ẹ ní kí kóòṣì tuntun tún bẹ̀rẹ̀ láti ìṣubú, bó ti wù kí bẹ́líìtì rẹ̀, àmì ìpele rẹ̀ nínú júdò, ga tó.