Báwo ni ènìyàn ṣe lè máa kọ lẹ́tà sí ẹlẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà?

Ohun tí ẹ nílò kò ju orúkọ ẹlẹ́wọ̀n náà ní kíkún, nọ́ńbà rẹ̀ àti àdírẹ́sì tí ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ fi ń gba lẹ́tà.

Bó bá wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí bop.gov. Nọ́ńbà 8 ni wọ́n máa ń ní, bíi 00000-000. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lára àpòòwé, kí ẹ sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tiyín sí igun òkè lápá òsì. Wọ́n máa ń gbé ẹlẹ́wọ̀n káàkiri, nítorí náà ẹ tún un yẹ̀ wò kí ẹ tó fi òmíràn ránṣẹ́.

Àwọn wọ́dà máa ń tú lẹ́tà wò. Bírò àti bébà funfun lásán ló dára jù. Lọ́fínńdà, sítíkà tàbí àmì ètè lára bébà lè mú kí wọ́n dá a padà, torí àwọn kan máa ń rẹ bébà sínú oògùn olóró. Ẹ má fi owó tàbí sítáǹbù sí i.

Òfin ìpínlẹ̀ yàtọ̀ síra. Ní Pennsylvania, láti 2018, iléeṣẹ́ kan ní Florida ló ń gba lẹ́tà. Ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ló ń dé ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ má fi fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ ní ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹ má ṣèlérí lẹ́tà oṣooṣù bí ẹ ò bá ní lè mú un ṣẹ. Ẹni tó wà ní àhámọ́ máa ń retí rẹ̀ gan-an.