Èsì: Banff World Tour, ṣé ó tó owó tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé fíìmù gígùn kan ni Banff World Tour tó ń bọ̀ ní tíátà yín, àti pé ṣé ó tówó ẹ̀. Rárá o, fíìmù kéékèèké nípa àwọn òkè àtàwọn tó ń ṣeré níbẹ̀ ni wọ́n tò pọ̀, òmíì ò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, òmíì á gùn díẹ̀, lápapọ̀ á tó wákàtí méjì àtààbọ̀, wọ́n á sì dá a dúró láàárín kẹ́ ẹ lè lọ tọ̀. Ìlú Banff ní Alberta, Kánádà lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún fíìmù tó bí i ní 1976, tí wọ́n bá ti ṣe àjọ̀dún náà tán níbẹ̀ ni wọ́n á wá ṣa díẹ̀ nínú fíìmù ẹ̀ gbé kiri ayé.

Àwọ̀ ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ní UK níbí, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn fíìmù náà sí, wọ́n sì fi àwọ̀ sọ wọ́n lórúkọ: Red ọ̀tọ̀, Blue ọ̀tọ̀, fíìmù inú wọn yàtọ̀ síra. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, mo ra Red ní ìlú méjì, àṣé nǹkan kan náà ni mo tún lọ jókòó wò, ìyàwó mi ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Tí ibi gíga bá máa ń bà yín lẹ́rù, hmm. Ẹnì kan á fi orí ìka kọ́ sára àpáta, kámẹ́rà á wá wo ìsàlẹ̀, gbogbo tíátà á pa lọ́lọ́, ọwọ́ mi làágùn débi pé gúgúrú ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tàwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ já wálẹ̀ látorí òkè làwọn ọmọ máa fẹ́ràn jù. Èmi ó lọ Blue lọ́tẹ̀ yìí jàre.