Báwo ni mo ṣe lè ṣírò agbára òòfà tó wà láàárín ohun méjì tó wúwo?

Òfin tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Isaac Newton gbé jáde ní 1687 ni wàá lò: F = G × m₁ × m₂ ÷ r². F ni agbára tí ohun méjèèjì fi ń fa ara wọn; G jẹ́ iye kan tí kì í yí padà, 6.674 × 10⁻¹¹. Kìlógíráàmù ni kí o fi wọn m, ìyẹn ìwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan, kí o fi mítà wọn r, ìyẹn bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Ibi r yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: láti àárín gbùngbùn ìkíní dé ti ìkejì ni, kì í ṣe àlàfo tójú ń rí.

Ká ní típà méjì tó kó yanrìn dúró ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, 20,000 kg ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí r jẹ́ mítà 5. 20,000 × 20,000 ÷ 25 = 16,000,000. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú G, wàá rí nǹkan bíi 0.001 Newton (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára). Ìwúwo ẹyọ ìrẹsì mélòó kan péré nìyẹn o! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi 196,000 Newton ni ilẹ̀ ayé fi ń fa típà kan ṣoṣo.