Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Láti Orí Tẹlifíṣọ̀n Sí Iléeṣẹ́ Ìròyìn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Olótùú ọ̀wọ́n, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ka ìròyìn okòwò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí mo sì ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ lẹ́nu wò. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí n dá iléeṣẹ́ ìròyìn ti ara mi sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ènìyàn mọ ojú mi, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi. Ṣé ìyẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀?
Atọ́kùn ètò okòwò

Inú mi dùn pé ẹ kọ̀wé sí wa kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn mọ ojú yín, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń pè ní tiyín lónìí, ti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹni tó ń wo ètò yín lálẹ́ lè jẹ́ ẹni tó ti tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sán, tí kò sì ní wá yín kiri bí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé kámẹ́rà, ẹni tó ń ṣe àtúntò fídíò, àwọn tó ń wá ìpolówó, àti agbẹjọ́rò tó ń yẹ ìròyìn yín wò kí ẹnikẹ́ni má baà pè yín lẹ́jọ́, iléeṣẹ́ ló ń san owó gbogbo wọn. Ohun tí yóò bá yín jáde kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó níye lórí gan-an: ẹ mọ bí a ṣe ń ka ìwé ìṣirò owó iléeṣẹ́, ẹ mọ ìgbà tí ọ̀gá kan bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo gbèsè mọ́lẹ̀, àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ sì máa ń gbé fóònù yín. Èyí ni kí ẹ kọ́lé lé lórí.

Àwọn kan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú yín. Ní Íńdíà, Shradha Sharma, tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n okòwò CNBC TV18, dá YourStory sílẹ̀ ní ọdún 2008 láti máa sọ ìtàn àwọn tó ń dá iléeṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Govindraj Ethiraj, tí òun ti jẹ́ olótùú àgbà iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n okòwò Bloomberg ní orílẹ̀-èdè kan náà, dá IndiaSpend sílẹ̀ ní ọdún 2011, níbi tí wọ́n ti ń fi àkọsílẹ̀ àti ìṣirò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlú. Ohun tí mo rí lára àwọn méjèèjì ni pé kò sí èyí tó gbìyànjú láti tún odindi iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oókan ìbéèrè tí àwọn yòókù kò dáhùn dáadáa ni oníkálukú wọn dì mú. Bí ẹ kò bá tíì lè sọ tiyín ní gbólóhùn kan, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i níbi iṣẹ́ tí ẹ wà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun gan-an ló sì máa ń ká àwọn oníròyìn lára, títí kan àwa tí a fi owó ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò gígùn lórí YouTube kò ní rí owó ìpolówó gbà àfi tí ó bá ní alátẹ̀lé 1,000, tí àwọn ènìyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá 55 nínú 100 owó náà ló ń kàn án. Èyí dára, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, Facebook kéde pé ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni àwọn yóò máa gbé síwájú àwọn ènìyàn ju ti àwọn iléeṣẹ́ lọ, àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn tó ti di gbogbo ẹrù wọn lé Facebook lórí sì rí i bí iye àwọn tó ń kà wọ́n ṣe já wálẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdírẹ́sì ímeèlì àwọn tó ń tẹ̀ lé yín láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ẹ sì máa fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn fúnra yín. Substack, ìkànnì tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́, bí àpẹẹrẹ, ń gba ìdá 10 nínú 100 owó tí àwọn òǹkàwé bá san, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kúrò níbẹ̀, ẹ lè kó orúkọ àwọn òǹkàwé yín lọ. Ìròyìn okòwò sì ní àǹfààní kan tí ìròyìn mìíràn kò ní: ẹni tó bá ń fi í ṣe ìpinnu lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lè san àsansílẹ̀ fún un. Orí àsansílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Jessica Lessin, tó kúrò ní ìwé ìròyìn Wall Street Journal, gbé The Information, iléeṣẹ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lé ní ọdún 2013.

Olótùú ọ̀wọ́n, ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tí mo ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mẹta fẹ́ fún mi ní owó ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì ní ìpín nínú iléeṣẹ́ mi. Ṣé kí n gbà á?
Oníròyìn ọjà ìpín ìdókòwò

Ẹ má gbà á, bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa ròyìn nípa rẹ̀. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, kódà bí ẹ bá sọ ọ́, àwọn òǹkàwé kò ní gbà yín gbọ́. Kì í ṣe òun nìkan ni mo ń sọ. Raghav Bahl ló dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti ìròyìn Network18 sílẹ̀ ní Íńdíà, síbẹ̀ ní ọdún 2014, iléeṣẹ́ náà bọ́ sábẹ́ àkóso Reliance, iléeṣẹ́ okòwò ńlá kan níbẹ̀, òun àti Ritu Kapur ìyàwó rẹ̀ sì tún lọ bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì The Quint ní ọdún 2015. Ẹ máa wo ẹni tí ìpín rẹ̀ lè yí ọwọ́ yín padà kí ẹ tó wo iye tí ó fẹ́ fún yín. Ẹ kéde ìpín ìdókòwò tí ẹ̀yin fúnra yín ní nínú àwọn iléeṣẹ́ tí ẹ ń ròyìn, tàbí kí ẹ tà á. Ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìpolówó pé ìpolówó ni.

Olótùú ọ̀wọ́n, ṣé mo lè kó àwọn fídíò ètò mi àtijọ́ lọ?
Atọ́kùn ètò òwúrọ̀

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má lè kó o, nítorí pé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lábẹ́ ìgbanisíṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ẹ gbé ìwé àdéhùn yín lọ bá agbẹjọ́rò nísinsìnyí, kí ó wo ohun tó sọ nípa fídíò, nípa orúkọ ètò náà, àti nípa iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó bá wọn díje.